Ọ̀nà Ládì

Àwọn tó ya Àbújá sórí bébà,
mo rò pé inú ọkọ̀ ni wọ́n jókòó sí yà á.
Rúlà wọn gùn, títì náà gùn,
ọ̀nà mẹ́wàá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn,
kò sí igi kan tí ẹlẹ́sẹ̀ lè sá sí abẹ́ rẹ̀.

Láti ẹnu géètì ilé iṣẹ́ wa ní Jàbí
mo ń wo ibùdókọ̀ ní òdì kejì.
Mo rí àwọ̀ bàtà ẹni tó dúró níbẹ̀.
Ṣùgbọ́n afárá ẹlẹ́sẹ̀ wà lọ́hùn-ún réré:
ìrìn ogún ìṣẹ́jú lọ, ogún ìṣẹ́jú bọ̀,
kí n ṣáà lè dé ibi tí ojú mi ti dé.

Fẹ́ǹsì funfun, fẹ́ǹsì funfun, wáyà lórí.
Kò sí fèrèsé, kò sẹ́ni tó máa sọ pé ẹ kú ìrìn.
Ibi tí wọ́n to bíríkì sí fún ẹsẹ̀ wa,
jíìpù ló gùn ún, ó sùn sí i
bí ewúrẹ́ onílé.

Nígbà tí mo ń ṣe tíṣà ní Sàríà
mi ò mọ̀ pé ìrìn ní orúkọ.
Nínú ìlú àtijọ́, ògiri amọ̀ súnmọ́ ògiri amọ̀,
òjìji ọ̀kan a fi ọ́ lé òjìji èkejì lọ́wọ́,
agogo méjì ọ̀sán, nínú oṣù kẹrin.
Mo lè jáde lọ ra ọṣẹ
kí n kó ìròyìn ọjọ́ mẹ́ta wálé.

Ládì tó ń gbá ọ́fíìsì wa, ọmọ Gbàgyí ni.
Kì í gun afárá.
Ó ní ọ̀nà kan tí kò sí nínú máàpù:
ó gba inú koríko, ó yí gọ́tà ká,
ó kọjá lábẹ́ igi òrí kan tí katapílà gbàgbé.
Ó ní ọ̀nà odò ìyá ìyá òun ni.
Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n gbin òdòdó lé e,
wọ́n ta okùn, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà: Ẹ MÁ GBA IBÍ.
Kí òjò tó dá, ọ̀nà ti padà,
tẹ́ẹ́rẹ́, pupa,
bí ìlà àtẹ́lẹwọ́.

Lánàá mo tẹ̀lé e. Igbá wà léjìká rẹ̀, kò wo ilẹ̀.
Mo ní, ṣé ẹ̀rù kì í bà yín?
Ó ní, ọkọ̀ ń bà mí lẹ́rù. Ọ̀nà mọ̀ mí.

Nígbà tí mo wẹ̀yìn,
bàtà ọ́fíìsì mi ti tẹ ojú kan sínú ẹrẹ̀
lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.
Omi ti ń sun síbẹ̀.