Òfò Kò Lójú

Lórí tábìlì ilé ìdáná wa ní Duluth
ni mo ti ń ṣírò owó Wendell, ọkọ mi, púlọ́ńbà.
Owó tó wọlé lápá òsì, gbèsè lápá ọ̀tún,
láàárín wọn, nínú àpò ìwé aláwọ̀ ewé,
adójútòfò:
igba dọ́là ó lé mẹ́rìnlá lóṣooṣù.

Ọdún mẹ́ta gbáko la fi san án.
Ọdún mẹ́ta gbáko, Wendell ń kùn:
"Táyà ẹ̀yìn ọkọ̀ ti pá bí orí bàbá mi,
ìwọ ń kówó fún Nessel kó lè máa yáná ní ọ́fíìsì.
Kí la rí gbà? Káléńdà.
Káléńdà kan lọ́dún, àwòrán ẹja ló wà lára rẹ̀."

Mi ò dá a lóhùn.
Òrùlé ni bàbá tèmi ń kàn fáwọn èèyàn.
Àkàbà rẹ̀ yọ̀, ó já lu mọ́tò oníbàárà,
ilé tí wọ́n bí mi sí la tà láti fi san án.
Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Èmi ni mo gbé àtùpà mi jáde.

Nígbà tó di oṣù kejì, òtútù mú tó bẹ́ẹ̀
tí adágún ńlá fi ń ké bí ẹni tí eegun rẹ̀ ń ṣẹ́.
Páìpù dì nílé Ìyá Torvik, ó bẹ́.
Wendell gé e, ó fi bàbà tuntun rọ́pò,
ó fi iná gáàsì jó oríkèé rẹ̀ pọ̀,
ó gba ọgọ́sàn-án dọ́là,
ó mu kọfí, ó wá sílé.

Ta ló mọ̀ pé lẹ́búlẹ́bú pákó
làwọn ará àtijọ́ rọ sínú ògiri náà
kí òtútù má bàa ráyè?
Iná kì í kan ilẹ̀kùn.
Ó sùn síbẹ̀ láti agogo mẹ́rin,
ó ń jẹ díẹ̀díẹ̀ bí eku,
ó jí ní agogo mọ́kànlá.

Ìyá Torvik jáde tòun ti ológbò lábẹ́ apá
àti bàtà ẹsẹ̀ kan.
Ògiri lọ. Ilé ìdáná lọ. Àtẹ̀gùn lọ.
Wendell dúró nínú yìnyín, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀
bí ẹni ń wo ọwọ́ àlejò.

Mo ti rò pé Nessel á máa wá ihò tí yóò sá gbà.
Ó wọ bàtà rọ́bà, ó ya fọ́tò,
ó ní kí n má sunkún sórí ìwé.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án, ẹgbẹ̀rún mọ́kànlélọ́gọ́ta dọ́là:
ògiri, ilẹ̀, kódà ilé ìtura tí ìyá ń sùn.
Àwa la san ẹgbẹ̀rún kan àkọ́kọ́.
Irinṣẹ́ Wendell tó jóná kò sí nínú àdéhùn:
ojú ìwé kọkànlá, lẹ́tà tó tín-ín-rín bí ẹsẹ̀ èèrà.

Wọ́n ní ìwé yìí ń dójú ti òfò.
Ṣùgbọ́n òfò kò lójú;
ibo ni ìtìjú fẹ́ gbà wọ̀ ọ́?
Lára ògiri tó jó, àwòrán kan ti wà:
Einar, ọkọ ìyá, gbé ẹja kan tó ga tó ọmọ ọdún mẹ́fà.
"Èló lẹ máa san fún ìyẹn?" ni ìyá bi Nessel,
láìbínú, bí ẹni ń béèrè iye bọ́tà.
Nessel ṣí ìwé rẹ̀. Ó tún pa á dé.

Owó náà ti gòkè lọ́dún yìí.
Wendell fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ sí sọ̀wédowó, kò kùn.
Tó bá jó páìpù tán nílé ẹnikẹ́ni báyìí,
á gbé àga, á gbé korobá omi,
á jókòó ti ògiri fún wákàtí kan,
á máa gbọ́wọ́ lé e bí ẹni ń gbọ́wọ́ lé iwájú orí ọmọ tí ibà ń ṣe.
Kò sẹ́ni tó ń sanwó wákàtí yẹn.

Káléńdà tuntun dé lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹja náà ni.
Wendell ká a, ó gbé e lọ fún Ìyá Torvik.
Ìyá gbé awò sójú, ó wò ó pẹ́.
"Ti Einar tóbi jù ú lọ," ó ní,
ó bá dìde, ó wá ìṣó.