Òòlù Tí Kò Dún

Iná ti lọ láti ìrọ̀lẹ́ ní Ojú-Alárò, ní Ẹ̀pẹ́,
ẹ̀fọn ń kọrin sí wa létí.
Múftàú bá gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ lé ìdí ọkọ̀ tí a dojú rẹ̀ dé,
ó ní, "Bàbá, ẹ wá wo Amẹ́ríkà
nígbà tí bàbá yín ṣì ń rákòrò."

Bàbá Bísíríyù nu ọ̀dà ọwọ́ rẹ̀ sára ṣòkòtò.
Ó jókòó bí ẹni tó wá gba owó àjọ:
kò rẹ́rìn-ín, kò fara ti nǹkan kan.

Àwòrán náà kò ní ju dúdú àti funfun,
àti òjò tín-ín-rín kan tó ń rọ̀ lójú rẹ̀, tí kò pa ẹnikẹ́ni.
Ohùn kò sí. Ẹnu ń mì, òòlù ń sọ̀kalẹ̀,
gbogbo rẹ̀ dákẹ́ bí ẹja nínú agbọ̀n.
Àwọn ènìyàn ibẹ̀ ń yára rìn;
Ìyá Sínọ́tù ní ó jọ pé ìgbẹ́ ló ń gbọ̀n wọ́n.

A rí adágún odò tó gan bí òkúta,
àwọn ọkùnrin fi ayùn rẹ́ ẹ bí ẹni rẹ́ pákó,
ẹṣin sì ń wọ́ omi lọ lórí ilẹ̀.
"Wọ́n ń gé omi tà!" Ìyá Sínọ́tù pàtẹ́wọ́.
"Àwa tí ọ̀sà wà lẹ́yìnkùlé wa,
a ò mọ̀ pé owó la fi ń ṣan ẹsẹ̀."

A rí àwọn ọmọbìnrin tó jókòó gbọọrọ
níwájú ògiri tó kún fún ihò,
wọ́n ń yọ wáyà níhìn-ín, wọ́n ń kì í bọ ọ̀hún
bí onídìrí tó ń di ẹgbẹ̀rún orí lẹ́ẹ̀kan náà.
Ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni wọ́n ń so pọ̀.
Ta ló ń so tiwọn? Àwòrán kò sọ.

Ọkùnrin kan tẹ pákó lójú iná, ó fi irin dè é lámùrè,
ó di àgbá.
"Hùn," ni Bàbá wí.
Hùn kan ṣoṣo.

Ìgbà náà ni ọkọ̀ dé.
Egungun ọkọ̀ lórí iyanrìn, ìhà rẹ̀ ń wo sánmà.
Ẹnìkan kúnlẹ̀ sídìí rẹ̀, fìlà rẹ̀ ti gbó,
ó ń fi òòlù àti irin pẹlẹbẹ ti òwú bọ àárín pákó méjì
díẹ̀díẹ̀, bí ìyá tó ń rọ ọmọ lágbo.
"Dá a dúró! Dá a padà sẹ́yìn."
Múftàú dá a padà. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ̀ẹ̀mẹrin.
Bàtìrì ti fẹ́ kú.
Bàbá sún mọ́ ọn títí imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan dígí,
ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o."

A fẹ́ rẹ́rìn-ín.
Ọkùnrin náà gbé orí sókè.
Ó wò wá, eyín iwájú rẹ̀ kan ti ká,
ó na ọwọ́ òsì díẹ̀, ó padà sídìí iṣẹ́.
"Ẹ ò rí i? Ó dá mi lóhùn."
Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn.
Múftàú ní wọn ò kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀,
àwọn tó ya àwòrán ló kọ tiwọn, gàdàgbà.
Kọ̀ǹpútà kú.

Ní ìdájí, kí ládánì tó pèrun tán,
mo bá Bàbá létí omi.
Ó ti ya àkísà lára ìró ìyá mi tó gbó,
ó fi wé ọrùn òòlù rẹ̀
níbi tí igi gbé wọ orí,
gẹ́gẹ́ bíi ti ọkùnrin yẹn.
Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo wo ọkùnrin yẹn, n ò rí àkísà.
Bàbá ò ṣàlàyé. Ó ní kí n gbé òwú wá.

Ó sọ òòlù kalẹ̀: kó.
Ó tún sọ ọ́: kó. Kó.
Ìró náà gba orí ọ̀sà lọ,
ó kọjá lára àwọn tó ń ká àwọ̀n,
wọn ò wẹ̀yìn.
Bóyá bẹ́ẹ̀ ló ṣe dún lọ́hùn-ún.
Bóyá bẹ́ẹ̀ kọ́.