Ìṣirò Kẹsàn-án

Ìka méjì ni ogun gbà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n ìyá mi,
ìka tí à ń fi di kálàmù mú.
Ló bá jókòó sábẹ́ igi kọfí baba rẹ̀ l'Ógìdì,
ó ń kọ́ ọwọ́ òsì ní a, b, d
bí ọmọ jéléósinmi.
Àwọn ará àdúgbò ń rẹ́rìn-ín sínú.
"Ọ̀kún o, Tólúhì! Ta lò ń kọ lẹ́tà sí?"
"Ọ̀kún," ni yóò wí. Kò ní gbójú sókè.

Èmi ni mò ń rọ kẹrosíìnì sínú àtùpà rẹ̀.
Èmi náà ni mò ń da ìwé rẹ̀ kọ,
nítorí lẹ́tà ọwọ́ òsì yẹn
dà bí ìgbà tí adìẹ rìn lórí kọfí tí a sá.
Ìwé mọ́kànlá:
ìtàn àgbẹ̀, ìtàn àwọn obìnrin tó ń hun ìpò,
ìtàn ọkùnrin tó lọ ra ewúrẹ́ ní Kàbà
tó gbé ìyàwó bọ̀, tí kò rí ewúrẹ́ rà.
Èrò ọkọ̀ kan tó ń lọ sí Mòpà ń ka ọ̀kan nínú wọn;
Ẹ̀gbẹ́ ló ti rántí sọ̀kalẹ̀.
Kò sí ìbọn nínú ìkankan.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ń dàwé kọ a máa rí ohun tí òǹkàwé kò rí.
Nínú ìwé mọ́kànlá, kò sẹ́ni tó sọdá odò.
Wọn á dé etí omi,
ọkọ̀ á ti dúró, ọjà á ti kún lódìkejì,
wọn á wá rántí nǹkan tí wọ́n gbàgbé sílé.
Mo bi í léèrè lálẹ́ ọjọ́ kan.
Ó ní, "Omi yẹn kún."
Mo ní, "Omi wo?"
Ó ní kí n rẹ iná àtùpà wálẹ̀.

Oṣù tí kọfí ń tanná ló kú,
gbogbo ẹ̀ka funfun bí òwú.
Nínú àpótí rẹ̀, lábẹ́ yúnífọ́ọ̀mù tí ikán ti jẹ,
mo bá ìwé àjákọ kan, ẹrẹ̀ gbẹ mọ́ ọn lẹ́yìn.
Obiora. Kíláàsì Kẹrin.
Kì í ṣe orúkọ ilé wa.
Ojú ewé mẹ́fà, ìṣirò ni,
nọ́ńbà róbótó bí ẹyin ẹtù.
Tíṣà ti fi bírò pupa máàkì mẹ́jọ.
Ìkẹsàn-án rèé:
èèyàn mẹ́rìnlélógún wọ ọkọ̀ ojú omi,
méje sọ̀kalẹ̀, mélòó ló kù?
Kò sí ìdáhùn.
Ojú ewé tó tẹ̀ lé e ni ọwọ́ òsì ti bẹ̀rẹ̀,
a wúwo, b dorí kodò.

Kò kọ ibi tó ti rí ìwé náà.
Kò kọ àpò tó ti yọ ọ́, bóyá àpò náà ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́.
Ó kọ: Òjò rọ̀ lónìí.
Ó kọ: Ọmọ yìí mọ ìṣirò jù mí lọ.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti gbé pẹ́ńsù sórí ìlà yẹn.
Mẹ́tàdínlógún ni, ta ni kò mọ̀?
Òun náà mọ̀ ọ́n,
ó sì fi ogójì ọdún ó lé dúró létí omi.

Atẹ̀wé ní Kàbà ní kí n kó gbogbo ìwé wá.
Mọ́kànlá ni mo kó lọ.
Ọ̀kan tó kù, mo fi ìpò ìyá mi wé e,
ó wà lókè àjà, níbi tí ikán kò dé.
Mo máa ń lọ wò ó bí òjò bá ti ń ṣú.