Róòlù Kẹfà

Ọmọọmọ mi Fadékẹ́mi ló mú mi lọ,
sinimá tuntun, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹta ní Dùgbẹ̀.
Òtútù ibẹ̀ ń gún mi léegun bí abẹ́rẹ́.
Ó ní, "Bàbá, ẹ wá wo Láníhun àti Mọ́rẹ́nikẹ́
bí wọ́n ṣe tún un ṣe."
N kò sọ fún un pé mo ti mọ̀ wọ́n
kí wọ́n tó bí ìyá tó bí i.

Orí ìtàgé ni mo ti kọ́kọ́ bá wọn pàdé,
pápá ilé-ìwé kan lẹ́yìn Òkè Àrẹ,
àtùpà gáàsì méjì, kòkòrò ń yí wọn po.
Ọkùnrin tó ń ṣe Láníhun kú tán,
ó sín.
Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín.
Síbẹ̀, bí Mọ́rẹ́nikẹ́ ti gbé ife májèlé sẹ́nu,
ìyá arúgbó kan dìde láàárín èrò, ó figbe ta:
"Ọmọ mi, má mu ún! Ó ṣì ń mí!"

Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ ọ́ di fíìmù, dúdú òun funfun.
Aṣọ Mọ́rẹ́nikẹ́, wọ́n ní pupa ni;
a kò rí i, a kàn gbà á gbọ́.
Ìwé tí ì bá gba ẹ̀mí méjì là
wà lápò ọmọ kan tí odò Ọ̀nà kún dí lọ́nà.
Kámẹ́rà dúró sójú kan bí àlejò onítìjú,
ó ń wo odò,
ó ń wo odò náà
títí àwa náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í wojú ara wa, ta ló lọ́kọ̀.

Èmi ni mo ń yí ẹ̀rọ nígbà náà,
gbọ̀ngàn kan ní Ẹkọ̀tẹ̀dó, òrùlé páànù,
bí òjò bá dé, ẹnu lásán là ń wò.
Róòlù mẹ́fà ni. Ikú wà nínú ẹ̀kẹfà.
Alẹ́ àkọ́kọ́, mo fi hàn wọ́n.
Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni wọ́n fa Fẹ̀hìntọlá
lé oníṣòwò gẹdú kan lọ́wọ́ ní Ìkirè,
Fẹ̀hìntọlá, tí mo kọ lẹ́tà mẹ́rin sí.
Alẹ́ kejì, róòlù karùn-ún tán,
mo pa iná ẹ̀rọ,
mo ní, "Ó ti já."
Irọ́ ni. Ó wà nínú agolo lábẹ́ àga mi,
ó tutù bí ejò.

Alẹ́ mẹ́sàn-án gbáko ni mo fi pa irọ́ yẹn.
Títí dòní, télọ̀ kan wà ní Ìdíkàn
tó ń búra pé wọn ò kú,
pé ọmọ náà wẹ odò já, ìwé dé,
pé Ìsẹ́yìn ni wọ́n sá lọ, ojú òun ló ṣe.
N kì í bá a jiyàn.

Ti tuntun yìí dára, n kò ní purọ́.
Aṣọ pupa náà pupa, ó tiẹ̀ pupa jù.
Kámẹ́rà ń rà bàbà bí àwòdì
lórí páànù tó ti dípẹtà, láti Bẹẹrẹ dé Òjé,
mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ilé tiwa.
Kò sí odò mọ́; bátìrì fóònù ló kú.
Àwọn ọ̀dọ́ ẹ̀gbẹ́ mi kérora, wọ́n mọ irú ikú yẹn.
Ṣùgbọ́n ẹkún ọmọbìnrin náà tóbi tó ilẹ̀kùn,
orin sì ń sọ ìgbà tó yẹ kí n sunkún fún mi.
Èmi ì bá fẹ́ kí ó ṣèèṣì bọ́ lójú mi.

Ó ku díẹ̀. Ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n,
ọwọ́ ọ̀tún mi ń wá nǹkan tí yóò pa lára àga.
Mo bojú wẹ̀yìn: ihò kékeré kan, ìmọ́lẹ̀,
kò sẹ́ni lẹ́yìn rẹ̀.
Láníhun nà gbalaja. Mọ́rẹ́nikẹ́ gbé ife.
Ìgbà náà ni òtútù ẹ̀rọ yẹn mú mi,
mo sín,
ó rinlẹ̀ ní gbogbo gbọ̀ngàn.
Ẹnìkan rẹ́rìn-ín nínú òkùnkùn.
Mọ́rẹ́nikẹ́ kò tilẹ̀ bojú wò.