Kò Tíì Kú

Nínú abà Heimonen la ti bá ọ, Dátsọ̀n,
koríko gbígbẹ ti bò ọ́ dé ojú fèrèsé,
adìyẹ yé ẹyin mẹ́ta sórí àga ẹ̀yìn rẹ.
Baba mi Oiva bẹ̀rẹ̀, ó fi èékánná ha ìlẹ̀kùn,
ìpatà já sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bí èèpo ẹ̀pà.
Ó ní, "Kò tíì kú. Oorun ló ń sùn."
Gbogbo irin tó bá dákẹ́ ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀ nípa rẹ̀.

Lápá Kauhajoki níbí, oòrùn oṣù Kejìlá
bí àlejò tó ní èrò ọkọ̀ ń dúró de òun ni:
ó yọjú, ó kí wa, ó ti lọ.
Abẹ́ gílóòbù la ti tú ọ,
a tú ọ títí o fi dà bí ẹja tí wọ́n jẹ ku egungun.
A yọ dígí, a fi wáyà dí ojú rẹ̀.
A yọ àga, ó ku ẹyọ kan.
Páìpù omi ilé ìwé àtijọ́
la tẹ̀, la jó pọ̀, ló di àgò lé mi lórí,
pé bí o bá dojú dé, kí n ṣì délé jẹun alẹ́.
Ẹńjìnnì rẹ kò tó ti alùpùpù ńlá,
kábúrétọ̀ méjì la wá fún un ní Seinäjoki,
itan ìgalà kan la fi gbà á, àti gbèsè díẹ̀.

Baba mi a dẹ etí ọ̀tún (ti òsì ti di tipẹ́),
a yí ìdè bíńtín, a ní, "Gbọ́."
N ò gbọ́ nǹkan kan.
A tún yí i.
Alẹ́ ọjọ́ kan ni mo gbọ́ ọ:
ikọ́ rẹ dá, ohùn rẹ là,
bí akólòlò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ọ̀rọ̀ náà sọ.

Oṣù Karùn-ún. Ẹrẹ̀ dúdú. Mẹ́fà la tò síwájú iná.
Òkúta ń ta lára rẹ bí gúgúrú nínú ìkòkò.
Sáàbù kan gbá ọ nídìí ní kọ́nà kejì,
o gbọn ìdí, o kọjá.
Ipò kejì la ṣe.
Baba mi pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan péré,
ẹni tó bá mọ̀ ọ́n mọ̀ pé ayẹyẹ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n eré wa lófin:
iye kan ni gbogbo ọkọ̀, ẹgbẹ̀rún méjì yúrò,
ẹni tó bá fẹ́ tìrẹ lẹ́yìn eré, kó kọ orúkọ sílẹ̀,
o ò gbọdọ̀ sọ pé rárá.
Kí olówó má baà fowó ra ìṣẹ́gun ni.
Òfin tó dáa ni.
Èmi gan-an ti sọ ọ́ káàkiri pé ó dáa.

Jalmari ni, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún,
owó tó fi já èso ní oko olóko wà nínú àpò ìwé,
ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n ju tèmi lọ.
Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Ẹ má bínú."
Baba mi na kọ́kọ́rọ́ sí i.
"Bí òtútù bá mú, fa ṣóòkù dé ìdajì, má fà á tán.
Gíá kẹta a máa ṣagídí.
Má lù ú. Dúró dè é."
Ọ̀rọ̀ yẹn pọ̀ ju èyí tó bá mi sọ láti ọjọ́ Àìkú lọ.

Pẹpẹ irin tí a fi fà ọ́ wá
ń fò sókè sódò lẹ́yìn wa, òfìfo.
Kìlómítà méjìlá, n ò wojú ẹ̀gbẹ́ mi.
Ní oríta ṣọ́ọ̀ṣì ló tó dá ikọ́ kan wú:
"Kòrólà kan wà lẹ́yìn abà yẹn.
Igi ti hù gba inú ẹńjìnnì rẹ̀."
Mo ní, "Igi?"
Ó ní, "Kékeré ni."