Irin Wà Níbo?

Ní ilé ìgbẹ̀bí tó wà ní Ìjẹrù, l'Ógbómọ̀ṣọ́,
lẹ́yìn yàrá tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ẹ̀jẹ̀,
táǹkì onírin kan dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin,
ó ga ju igi kajú lọ,
kò ní fèrèsé, kò ní ojú.
Bàbá mi, Àtàndá, ló ń tọ́jú rẹ̀.
Kò kàwé kọjá Pírámárì Mẹ́ta,
ṣùgbọ́n òun ló fún táǹkì náà ní ahọ́n.

Kẹ́ẹ̀gì kékeré kan tí wọ́n ti ta epo inú rẹ̀ tán,
ó fi àbẹ́là yíyọ́ dí i lẹ́nu pinpin,
ó sọ ọ́ sínú omi, ó léfòó.
Okùn láti ọrùn kẹ́ẹ̀gì gba orí kẹ̀kẹ́ kékeré kan lókè,
ó ré etí táǹkì kọjá, ó wálẹ̀ síta,
àgádágodo tí ìpáàrà ti jẹ ni ó so mọ́ ìdí rẹ̀.
Ó kan pákó gígùn mọ́ ara táǹkì,
ó fi ọ̀dà funfun fa ìlà mẹ́wàá sí i.

Omi gòkè, irin sọ̀kalẹ̀.
Omi sọ̀kalẹ̀, irin gòkè.
Ẹni tó bá ń wo irin bí ẹni wo omi
yóò máa yọ̀ lọ́jọ́ òùngbẹ.
Nọ́ọ̀sì tuntun kan, Oyèbọ́lá, sáré wá láàárọ̀ ọjọ́ kìíní:
"Bàbá, irin ti kanlẹ̀, omi ti tán!"
Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀.
"Ìyá kékeré, a ti yó ni."

Ọdún kan wà tí ọyẹ́ bó ètè wa bí èèpo ẹ̀pà,
tí kànga Apáàkẹ́ ń rùn ẹrẹ̀.
Irin gòkè lóru, ó gun pákó dé orí.
Mátíróònù ní kí wọ́n ti ẹ̀rọ pa,
kí ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ má baà dé yàrá ìbímọ.
Ọjọ́ mẹ́ta ni a fi ra omi lọ́wọ́ mẹ́ruwà.
Ọkọ aláboyún ń fi ọ̀kadà gbé kẹ́ẹ̀gì omi láti Tákìí.
Ìkókó mẹ́rin la fi omi kọ́ọ̀pù kọ̀ọ̀kan wẹ̀.
Bàbá mi nìkan ni kò sọ̀rọ̀.
Lálẹ́ ọjọ́ kẹta ó mú ìdí ṣíbí,
ó fi kan ikùn táǹkì.
Kò dún gbaun bí agolo òfìfo.
Ó dún gbì.

Èmi ló ní kí n gùn ún, nítorí orúnkún rẹ̀.
Mo ṣí ìdérí, mo tan tọ́ọ̀ṣì:
omi kún dé ọrùn, ó ń wò mí lójú.
Kẹ́ẹ̀gì ti sán, ihò náà kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ;
ó ti ń mu omi lábẹ́lẹ̀ láti oṣù mélòó kan,
títí tó fi wúwo, tó rì,
tó fa irin lọ sókè lọ́hùn-ún láti parọ́ fún wa.

Mo kígbe ohun tí mo rí sílẹ̀.
Ó dákẹ́ pẹ́. Ó wá ní:
"Ohun tí a fi ń wọn omi kò gbọdọ̀ mu omi."
N kò mọ̀ títí dòní bóyá kẹ́ẹ̀gì ló ń bá wí
tàbí akọ̀wé tó ń kọ iye dísẹ́ẹ̀lì tí a rà.

Wọ́n ti gé táǹkì náà tà fún oníkóńdo.
Rọ́bà dúdú ló wà níbẹ̀ báyìí, a ń rí òjìji omi lára rẹ̀.
Bàbá mi wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní Òkè Àánú,
apá òsì rẹ̀ kò gbé mọ́, ọ̀rọ̀ ń já mọ́ ọn lẹ́nu.
Bí mo bá wọlé lọ́jọ́ Sátidé, kò kí mi.
"Irin... wà níbo?"
"Ó wà nílẹ̀, Bàbá. Ó kanlẹ̀ pátápátá."
Lọ́jọ́ tí n kò bá ní owó oògùn lọ́wọ́,
ohun kan náà ni mo máa ń wí.
Á na ọwọ́ ọ̀tún sí mi díẹ̀díẹ̀,
á fi ìka kan ṣoṣo kan àyà mi,
á sì dẹ etí.