Ìwọ̀ Èṣí

Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹfà, a ṣí géètì.
Oṣù mẹ́ta ni ẹgbẹ́ wa fi ti adágún pa
kí ẹja lè yé sára koríko láìsí ẹni tí yóò yọ wọ́n lẹ́nu.
Aago mẹ́rin ìdájí, ìrì ń kán lórí ọ̀pá ìwọ̀,
Oxtoby ti jókòó síbi tó ń jókòó sí
láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ bíríkì ti kú
tí òjò sì sọ kòtò amọ̀ di omi jíjìn.
Afárá Humber wà nínú kùrukùru,
ìdajì rẹ̀ là ń rí.

Mo fa okùn yọ. Ó ti ta kókó.
Kì í ṣe kókó kan, ìtẹ́ ẹyẹ ni,
bí ẹni pé ẹnì kan jí lóru wá hun ún.
Mo fà á, ó le. Mo bú u, ó tún le sí i.
Oxtoby ò wojú mi. Ó ní,
"Okùn kì í gbọ́ èébú, Bryony.
Wá orí rẹ̀. Fi èékánná tú u."
Ogójì ìṣẹ́jú ni mo fi tú u;
ẹja fò lẹ́ẹ̀mẹta níwájú mi.

A kì í gbé ẹja relé níbí.
Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo mọ bó ṣe ń rí létí ẹlòmíràn:
kí èèyàn náwó sí ìdin,
kí òjò pa á, kí ó mú ẹja,
kí ó dá a padà sómi, kí ó wá lọ jẹ búrẹ́dì.
Ìyàwó Oxtoby pàápàá gbà pé nǹkan ń ṣe é.

Ṣùgbọ́n lóṣù kẹjọ ọdún kẹta sẹ́yìn
omi gbóná títí kò fi sí èémí nínú rẹ̀ mọ́.
Ẹja ń yánu lókè omi
bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ tí a ò gbọ́.
Ó gbé pọ́ǹpù wá látilé,
ó ń fa omi, ó ń fọ́n ọn padà sórí omi,
títí epo fi tán, títí ilẹ̀ fi mọ́.
Mẹ́tàlélọ́gọ́ta ló kú.
Ó sin wọ́n sídìí igi wílò,
ó kọ iye wọn sẹ́yìn àpò lẹ́tà kan
tó ṣì wà nínú àpótí ìjẹ rẹ̀.
Àjẹìwẹ̀yìn ní í sọ àgbà di aláàárù igbá ara rẹ̀;
òun ń wẹ̀yìn, bóyá ó ń wò ó jù.

Aago méje kọjá díẹ̀.
Ìfófòó wẹ́wẹ́ hó yí ìléfòó mi ká,
ìléfòó dìde, ó sùn gbalaja.
Mo fà.
Tẹ́ǹṣì ni, aláwọ̀ ewé ògbólógbòó, ojú pupa,
ara rẹ̀ ń yọ̀ bí ọṣẹ.
"Rin ọwọ́ rẹ kí o tó fọwọ́ kàn án!"
Mo rin ín. Mo tẹ́ ẹ sórí ẹní tútù.

Ìwọ̀ méjì ló wà lẹ́nu rẹ̀.
Ọ̀kan tuntun. Ọ̀kan ti dípẹtà,
ẹran ti hù bò ó,
okùn ìka mẹ́rin ń fì lára rẹ̀,
orí okùn náà ká kò bí ìrù ẹlẹ́dẹ̀:
àmì kókó tó yọ̀, kì í ṣe okùn tó já.
Ọ̀dà èékánná àbúrò mi ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, pupa,
èyí tí mo fi kùn ún léṣìí
kí n lè mọ tèmi yàtọ̀.

Léṣìí, ojú ń kán mi. N kò fi itọ́ rin kókó, n kò dán an wò.
Nígbà tó lọ, mo sunkún.
Ìwọ̀ ni mo sunkún fún.

Oxtoby fi ẹ̀mú yọ ọ́ jẹ́jẹ́,
ó gbé e lé mi látẹ́lẹwọ́.
Kò sọ nǹkan kan.
Mo di ẹja náà mú nínú omi
títí ó fi rántí ìrù rẹ̀, tó sì lọ.

Lẹ́yìn náà ó gba gbogbo ìwọ̀ mi,
ó tẹ ẹ̀gún wọn wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan.
Mo di kókó. Mo tutọ́ sí i. Mo fà á wò.
Òjò bẹ̀rẹ̀.
Ó bi mí bóyá tíì ṣì kù.